Ẹ Yẹ Ọ̀fun Wò Kí Ẹ Tó Ra Kápúsù

Àwọn àgbà a máa sọ pé ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Ọ̀jẹun ni wọ́n sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí bá wí, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e yẹ̀wò dáadáa, ó ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ. Ibi tóóró kan náà ni oúnjẹ ń gbà, ibẹ̀ ni omi ń gbà, ibẹ̀ ni èémí ń gbà, ibẹ̀ náà sì ni ohùn tí a fi ń sọ̀rọ̀ tí a sì fi ń kọrin ń gbà jáde. Nítorí náà, bí ọ̀fun bá ń dun ènìyàn, kò yẹ kí a fi ojú kékeré wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí a fi ìpayà sáré ra oògùn tí kò bá a mu.

Ní ọ̀pọ̀ ilé, bí ọmọ bá ti ń sunkún pé ọ̀fun ń dun òun, ọ̀kan nínú ohun méjì ni a máa ń ṣe. Àwọn kan yóò ní, "Omi dídì tí o mu lánàá ni, yóò lọ," ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Àwọn mìíràn yóò fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lówó pé kí ó sáré lọ bá oníkẹ́míìsì, kí ó ra kápúsù mẹ́rin wá. Bí ọmọ bá ti lo méjì, tí ó sì ti ń ṣeré, wọn a fi méjì tí ó kù pamọ́ de àbúrò rẹ̀. A kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìfẹ́ ọmọ ni ó ń mú àwọn òbí ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti gbàgbé ohun kan tí ó yẹ kí ó ṣáájú: wọn kò ní kí ọmọ la ẹnu kí àwọn wo inú rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí ó yé wa nínú ìtẹ̀jáde yìí kò ju ọ̀kan lọ. Ọ̀fun dídùn kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo, àmì ni. Orísìírísìí àìsàn ni ó lè fà á, olúkúlùkù ni ó sì ní àmì mìíràn tí ó máa ń mú dání. Àwọn àmì wọ̀nyí ni yóò sọ fún wa bóyá kí a fara balẹ̀ nílé, tàbí kí a lọ rí dókítà lọ́la, tàbí kí a gbéra lóru yìí kan náà. Àwa kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn ni a kọ́. Ohun tí àwọn oníṣègùn ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni a kó jọ síbí, ní èdè tí yóò yé bàbá àti ìyá nínú ilé.

ÈYÍ TÍ Ó WỌ́PỌ̀ JÙ

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni èyí tí ó bá ọ̀fìnkìn wá. Kòkòrò tí ó kéré púpọ̀, tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì, ni ó ń fà á. Ẹ wo àwọn àmì rẹ̀: imú a máa ṣomi tàbí kí ó dí, ènìyàn a máa sín, ikọ́ a bá a rìn, ohùn lè há, ojú lè pọ́n, ara lè gbóná díẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ń lọ.

Irú ọ̀fun báyìí kò nílò kápúsù rárá. Kápúsù tí a ń lò fún egbò àti ikọ́ kò lè pa fáírọ́ọ̀sì, bí ó ti wù kí ó wọ́n tó. Ẹni tí ó bá lò ó tí ara rẹ̀ sì yá ní ọjọ́ karùn-ún yóò rò pé oògùn ni ó wo òun sàn, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ja ìjà náà. Èyí tí ó tún burú ni pé lílo oògùn báyìí láìnídìí ń kọ́ àwọn kòkòrò mìíràn nínú ara bí wọn yóò ṣe máa borí oògùn náà, tí ó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀ ní tòótọ́, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Àwọn ohun kan tún wà tí ń mú ọ̀fun dùn láìsí kòkòrò kankan. Ọyẹ́ a máa gbẹ ọ̀fun. Èéfín igi ìdáná àti èéfín jẹnẹrétọ̀ a máa ta á. Àwọn akọrin wa àti àwọn tí ń ké pẹ̀lú agbára ní ìsọ́ òru mọ bí ọ̀fun ṣe ń rí lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ̀bà lálẹ́ pátápátá tí ó sì sùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, omi kíkan inú ikùn lè gòkè wá bá a ní ọ̀fun, kí ó máa dùn ún ní àárọ̀. Egungun ẹja náà ń bẹ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni yóò ní kí ènìyàn gbé òkèlè ńlá mì kí ó lè tì í lọ, ṣùgbọ́n òkèlè náà lè tì í wọ inú ẹran ọ̀fun sí i. Bí egungun bá ń gún ènìyàn tí kò sì lọ, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ, kí wọ́n bá a yọ ọ́. Bí ohùn bá sì há tí ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, pàápàá lára àgbàlagbà tàbí ẹni tí ń mu sìgá, kí ó lọ rí dókítà tí ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun.

ÈYÍ TÍ Ó YẸ KÍ A ṢỌ́RA FÚN

Kòkòrò kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní Streptococcus, tí a ó máa pè ní strep níbí. Àwọn ọmọ tí ó wà láàrin ọdún 5 sí 15 ni ó máa ń bá jà jù. Nínú ọmọ mẹ́wàá tí ọ̀fun ń dùn, bí méjì tàbí mẹ́ta ni ó máa ń jẹ́ pé strep ni. Láàrin àwọn àgbà, bí ẹnìkan nínú mẹ́wàá ni. Àwọn àmì rẹ̀ nìyí:

1. Ó máa ń dé lójijì. Ọmọ tí ó jí lọ sí ilé-ìwé pẹ̀lú ayọ̀ lè dé ní ọ̀sán kí ó má lè gbé itọ́ mì.

2. Ara a máa gbóná gan-an, ó lè ju ìwọ̀n 38 lọ lórí ohun tí a fi ń wọn ara gbígbóná.

3. Kì í sábà sí ikọ́, imú kì í ṣomi, ohùn kì í há. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa. Ọ̀fun tí ń dùn gan-an tí kò sì sí ikọ́ pẹ̀lú rẹ̀ ni ó yẹ kí ó mú wa fura jù.

4. Kókó a máa yọ ní iwájú ọrùn, ní abẹ́ àgbọ̀n, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí a bá fọwọ́ kàn án, yóò dun ọmọ náà.

5. Inú ọ̀fun a máa pọ́n. Ẹran kékeré méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́yìn ahọ́n, tí à ń pè ní tọ́ńsìlì, yóò wú; nígbà mìíràn ohun funfun bí ọyún yóò wà lára wọn. Àmì pupa kéékèèké lè wà ní àjà ẹnu.

6. Orí lè máa fọ́ ọmọ náà, inú lè máa run ún, ó sì lè bì. Lára àwọn ọmọ mìíràn, ara yóò sú wínníwínní, tí yóò rí ṣákaṣàka bí a bá fọwọ́ pa á, bí i pépà tí àwọn káfíńtà fi ń họ igi.

Kì í ṣe gbogbo àmì yìí ni yóò pé sára ẹnìkan. Ní ọdún 1981, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Robert Centor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé mẹ́rin ni ó ṣe pàtàkì jù lára àgbàlagbà: ara gbígbóná, kókó tí ń dùn ní iwájú ọrùn, ohun funfun lára tọ́ńsìlì, àti àìsí ikọ́. Bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó lára ẹni ni ó ṣe ṣeé ṣe tó pé strep ni. Títí di òní ni àwọn dókítà ń lo òṣùwọ̀n yìí. Síbẹ̀, ojú nìkan kò tó láti fi ṣèdájọ́. Dókítà lè fi òwú gba nǹkan díẹ̀ nínú ọ̀fun láti yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó sọ pé òun ni.

Ẹ jẹ́ kí a tún fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Nílẹ̀ wa níbí, bí ara ọmọ bá ti gbóná, ibà ẹ̀fọn ni a kọ́kọ́ máa ń rò, oògùn ibà ni a sì máa ń lò. Òótọ́ ni pé ibà pọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná tí ó sì kọ oúnjẹ, ẹ bi í léèrè bóyá kò wù ú jẹ ni, tàbí gbígbé e mì ni ó ń dùn ún. Ìdáhùn méjèèjì kò jọra.

BÍ A ṢE LÈ YẸ Ọ̀FUN WÒ

Ẹ mú ọmọ lọ sí ẹnu ọ̀nà ní ojúmọmọ, tàbí kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ ní kí ó la ẹnu gbàgà, kí ó yọ ahọ́n, kí ó sì ké "áà". Bí ahọ́n bá dí yín lójú, ẹ fi ìdí ṣíbí tí ó mọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kì í ṣe títì í lọ sẹ́yìn. Ẹ wo àwọ̀ ọ̀fun, ẹ wo tọ́ńsìlì bóyá wọ́n wú, ẹ wo bóyá ohun funfun tàbí ohun tí ó rí bí eérú bò wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka yín tọ́ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wò bóyá kókó wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì kò ní kọjá kí ẹ tó ṣe é tán.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ń mí pẹ̀lú ìnira, tàbí tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ nítorí pé kò lè gbé e mì, ẹ má ṣe fi ohunkóhun kàn án ní ọ̀fun. Ilé ìwòsàn tààrà ni.

Ẹnìkan lè bi wá pé, "Kí ni àǹfààní gbogbo àyẹ̀wò yìí, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀fun ọmọ ọ̀hún yóò sàn bó pẹ́ bó yá?" Ìdí rẹ̀ gan-an ni a fẹ́ sọ yìí.

OHUN TÍ Ń BẸ LẸ́YÌN Ọ̀FUN TÍ Ó TI SÀN

Ọ̀fun tí strep mú lè sàn fúnra rẹ̀ láàrin ọjọ́ díẹ̀ láìlo oògùn kankan. Níbẹ̀ ni ẹ̀tàn rẹ̀ wà. Bí ara ọmọ ṣe ń bá kòkòrò náà jà, ó lè ṣi ìjà jà, kí ó máa bá ẹran ara rẹ̀ jà. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ọ̀fun ti sàn tí gbogbo ilé sì ti gbàgbé, ibà mìíràn yóò dé. Orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é ni ibà rùmátíìkì. Orúnkún yóò wú, yóò máa dun ọmọ. Bí ìyẹn bá ti ń lọ, ọrùn ẹsẹ̀ yóò gbà á. Bí ìyẹn bá ń lọ, ìgbọ̀nwọ́ yóò gbà á. Oríkèé ara yóò sàn ní tirẹ̀. Ohun tí kì í sàn bọ̀rọ̀ ni ọkàn.

Ọkàn tí ń lù nínú àyà wa ní ilẹ̀kùn mẹ́rin, tí ń ṣí tí ń sì ń tì kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn. Ibà yìí a máa ba àwọn ilẹ̀kùn náà jẹ́. Bí ó bá ṣe ń padà wá tó ni yóò ṣe máa bà wọ́n jẹ́ sí i. Ọmọ náà lè dàgbà láìmọ̀ pé ohunkóhun ṣe òun. Bí ó bá di géńdé, yóò kàn ríi pé òun kò lè gun àkàsọ̀ láìsinmi. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ìgbà tí ó bá lóyún ni àṣírí lè tú, nítorí pé iṣẹ́ ọkàn máa ń pọ̀ sí i nígbà oyún, tí kò ní lè mí dáadáa bí ó bá dùbúlẹ̀. Nígbà náà, iṣẹ́ abẹ ọkàn lè di dandan, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó kékeré. Kékeré ni a ti ń pẹ́kàn ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a.

Àmì mìíràn tún wà tí ó yẹ kí àwa tí a jẹ́ ará ìjọ kíyè sí gidigidi. Lára àwọn ọmọ kan, ní oṣù kan sí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ọ̀fun dídùn, ọwọ́ àti ojú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fò láìjẹ́ pé ọmọ náà fẹ́ ẹ. Abọ́ yóò máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkọ̀wé rẹ̀ yóò dàrú. Yóò máa sunkún láìnídìí. Ẹ má ṣe yára sọ pé ẹ̀mí àìmọ́ ni tàbí pé ayé ni ó ń ṣe é, kí ẹ sì má ṣe na ọmọ náà. Ibà rùmátíìkì kan náà ni ó lè dé ọpọlọ rẹ̀. Ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì gbé e lọ bá dókítà ní ọjọ́ kan náà. Èkíní kò dí èkejì lọ́wọ́.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé a lè dènà rẹ̀. Ní ọdún 1950, àwọn dókítà tí ń ṣiṣẹ́ ní àgọ́ ọmọ ogun òfuurufú kan ní ìpínlẹ̀ Wyoming ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá fi pẹnisílínì tọ́jú ọ̀fun tí strep mú, ibà rùmátíìkì kì í sábà tẹ̀lé e mọ́. Títí di òní, pẹnisílínì ṣì ń pa kòkòrò yìí. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ oògùn náà kí ó tó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ọ̀fun ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, a kò tíì pẹ́ jù. Dókítà lè fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, tàbí oògùn lílò fún ọjọ́ 10. Bí ó bá ní ọjọ́ 10, ọjọ́ 10 náà ni kí ó jẹ́, bí ọmọ tilẹ̀ ti ń fò sókè ní ọjọ́ kẹta. Kápúsù méjì tí a lò, tí a sì fi méjì pamọ́, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí pẹnisílínì bá ti mú ara ọmọ yín wú tàbí sú rí, ẹ sọ fún dókítà kí ó tó kọ oògùn.

Strep tún lè kọlu kíndìnrín. Bí ojú ọmọ bá wú lówùúrọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀fun dídùn, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n tàbí dúdú bí omi kòkó, ẹ má ṣe dúró, ẹ gbé e lọ.

ÀMÌ TÍ Ó NÍ KÍ A SÁRÉ

Àwọn àmì wọ̀nyí kì í dúró de ilẹ̀ mọ́:

Èémí tí ń dún tàbí tí ó nira. Itọ́ tí ń dà nítorí pé kò ṣeé gbé mì. Ẹnu tí kò ṣeé là mọ́. Ọ̀fun tí ń dùn ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, tí ohùn sì dàbí ti ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ọyún ti lè gbá jọ sẹ́yìn tọ́ńsìlì. Ọrùn tí ó gan tàbí tí ó wú. Ọmọ tí kò tọ̀ láti àárọ̀ nítorí pé kò lè mu omi. Ẹ̀jẹ̀ tí ń jáde lẹ́nu tàbí ní imú. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó láti gbé ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn lóru.

Àìsàn méjì wà tí ó yẹ kí a dá orúkọ wọn, nítorí pé wọ́n wà ní orílẹ̀-èdè wa.

Èkíní ni dífítíríà. Ohun tí ó nípọn tí ó rí bí eérú ni ó máa ń bo ọ̀fun. Bí a bá fẹ́ ha á, ẹ̀jẹ̀ yóò jáde. Ẹ má ha á. Ọrùn lè wú tí yóò fi rí bí ọrùn màlúù. Oró tí kòkòrò náà ń tú jáde lè ba ọkàn jẹ́, ohun tí ó bo ọ̀fun sì lè dí ọ̀nà èémí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìròyìn àrùn yìí dé etí àjọ NCDC, tí ń rí sí ìdènà àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, láti ìpínlẹ̀ Kano àti ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ọdún 2023, ó tàn kálẹ̀ gan-an, Kano ni ó sì pọ̀ sí jù. Àwọn ọmọ tí wọn kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pé ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó mú. Abẹ́rẹ́ tí ń dènà rẹ̀ wà lára èyí tí a ń fún ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 lẹ́yìn tí a bí i. Ẹ mú káàdì àjẹsára ọmọ yín jáde lónìí kí ẹ wò ó bóyá ó pé.

Èkejì ni ibà Lassa. Ní oṣù kìíní ọdún 1969, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan tí ń jẹ́ Laura Wine ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Lassa, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Borno nísinsìnyí. Ó ní ọ̀fun ń dun òun. Nígbà tí wọ́n wo inú ọ̀fun rẹ̀, egbò wà níbẹ̀. Wọ́n lo oògùn tí a ń lò fún ọ̀fun, kò gbọ́. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Nọ́ọ̀sì Charlotte Shaw tí ó tọ́jú rẹ̀ ṣàìsàn, òun náà kú. Nọ́ọ̀sì kẹta, Lily Pinneo, ṣàìsàn. Wọ́n gbé e lọ sí New York, Ọlọ́run sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Inú ẹ̀jẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀nyí ni a ti kọ́kọ́ rí kòkòrò tí a fi orúkọ ìlú náà pè.

Eku inú ilé ni ó ń gbé ibà yìí kiri. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ibi tí ó ti ń yọjú jù lọ́dọọdún, pàápàá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ara gbígbóná, àárẹ̀, orí fífọ́ àti ọ̀fun dídùn, gẹ́gẹ́ bí ibà lásán. Nítorí náà, bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn bá ń rẹ̀ sí i, tí a ti lo oògùn ibà tí kò lọ, tí ó sì ń bì tàbí tí àyà ń dùn ún, ẹ sọ fún dókítà bí eku bá wà nínú ilé yín tàbí bí ó bá ti wà nítòsí aláìsàn Lassa. Ẹ bo gàárì àti ìrẹsì yín sínú ohun tí ó ní ìdérí.

ÌTỌ́JÚ NÍLÉ

Fún ọ̀fun tí ó bá ọ̀fìnkìn wá, ìsinmi àti omi púpọ̀ ni oògùn rẹ̀. Ẹ̀kọ mímu tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ dára, ó rọrùn láti gbé mì. Ẹ da ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ sínú ife omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kan. Kí àgbàlagbà tàbí ọmọ tí ó ti gbọ́n gbé e sẹ́nu, kí ó gbé orí sókè, kí ó jẹ́ kí omi náà máa hó ní ọ̀fun, kí ó sì tu ú dànù. Oyin a máa tu ọ̀fun lára, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin. Ẹ lè lo parasitamọ̀ fún ìrora àti ara gbígbóná, ní ìwọ̀n tí ó wà lára páálí rẹ̀ fún ọjọ́ orí ọmọ náà. Ẹ má ṣe fún ọmọdé ní ásípírìn.

Kí ife àti ṣíbí ẹni tí ó ń ṣàìsàn wà lọ́tọ̀. Ọmọ tí strep mú kò gbọ́dọ̀ lọ sí ilé-ìwé tàbí kíláàsì ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì títí wákàtí 24 yóò fi kọjá lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn.

Àwọn ohun mẹ́ta wà tí a bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe. Ẹ má ṣe rọ àdín tàbí kẹrosíìnì sí ọmọ ní ọ̀fun. Ó lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé bẹlubẹlu ọmọ yín, ìyẹn ẹran kékeré tí ó so rọ̀ ní àárín ọ̀fun. Ọlọ́run kò fi í síbẹ̀ lásán, òun sì kọ́ ni ó ń fa ọ̀fun dídùn. Ọ̀bẹ tí a fi gé e ti fa ẹ̀jẹ̀ tí kò dá àti tẹ́tánọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ẹ má sì ṣe fi oògùn tí dókítà kọ fún ọmọ kan tọ́jú èkejì.

Ẹ̀yin òbí, àìsàn ni a ń wò, a kì í wo ikú. Nígbà mìíràn tí ọmọ bá ní ọ̀fun ń dun òun, ẹ má tíì na ọwọ́ sí àpò. Ẹ mú un lọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ ní kí ó la ẹnu, ẹ bi í bóyá ó ń wúkọ́, ẹ tọ́ ọrùn rẹ̀ wò. Bí ikọ́ àti ọ̀fìnkìn bá wà, ẹ fún un ní ẹ̀kọ kí ó sùn. Bí ara bá gbóná gan-an, tí kò sí ikọ́, tí ọrùn sì ní kókó, ẹ gbé e lọ bá dókítà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ilẹ̀kùn ọkàn ọmọ náà lè wà nínú ìpinnu yẹn.